Tẹ́dì aṣọ òkè: gbogbo ara ni, àbí etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan?

Ọmọ Alábẹ́rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọwọ́ iṣẹ́ yìí. Aṣọ òkè tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀, wọ́n ní kí n fi rán tẹ́dì, béárì ìṣeré, fún ọmọ tí wọ́n ń retí. Pátáànì tí mo lò, ti aṣọ onírun ni. Kí n tó gbé orí rẹ̀ dé ìdí ẹ̀rọ, etí aṣọ ti tú. Mo rán an bẹ́ẹ̀, mo ki fáíbà sí i, imú ya. Ẹnì kan wá ní aṣọ òkè kì í ṣe aṣọ tẹ́dì, pé etí àti àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe, kí n fi aṣọ onírun ṣe ìyókù. Òótọ́ ni, àbí ọgbọ́n ọ̀lẹ?

* * *

Télọ̀ Àgbà

Ó ṣe é fi rán látòkè délẹ̀. Pátáànì yẹn ni kò bá aṣọ mu.

Pátáànì aṣọ onírun máa ń fi kọ́tà íǹṣì péré sílẹ̀ fún ojú rírán, torí ìsàlẹ̀ aṣọ onírun há, kì í tètè tú. Aṣọ òkè kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú tí wọ́n ta ní gígùn lórí òfì ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Òwú tí ọkọ̀ ahunṣọ ń gbé kọjá ní ìbú kàn ń so wọ́n pọ̀ ni. Bó o bá ti gé e, kò sóhun tó di òwú etí ibẹ̀ mú mọ́. Nínú kọ́tà íǹṣì, bí òwú mẹ́ta mẹ́rin bá yọ, abẹ́rẹ́ ò rí nǹkan kan gbá mú.

Gígé kọ́ lo máa kọ́kọ́ ṣe. Na aṣọ sílẹ̀, kó o lẹ gum stay aláṣọ, ìyẹn aṣọ ẹlẹ́gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀, mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tó rọ̀. Kì í ṣe hard stay tí wọ́n ń fi sí kọ́là, kì í sì í ṣe oníbébà. Oníbébà á máa dún nínú tẹ́dì, bí wọ́n bá sì fún un mọ́ra lẹ́ẹ̀mélòó kan, á fọ́ sínú. Fi ṣọ́ọ̀kì ya pátáànì sára stay. Lẹ́yìn náà, rán an yípo, kí ẹsẹ̀ abẹ́rẹ́ kúrú, bíi mílímítà 2, kó sì bọ́ sí ìta ìlà tó o máa fi so ó pọ̀. Ìgbà tó o bá rán an yípo tán lo tó mú sísọ́ọ̀sì. Ìlàjì íǹṣì ni kó o fi sílẹ̀. Bó o bá ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wíìfù etí aṣọ, ìyẹn èyí tó ń fi òwú di etí kó má tú, wíìfù gbogbo rẹ̀. Bí kò bá sí, sigísáàgì á ṣe é.

Imú tó ya ńkọ́? Níbi tí aṣọ ti tẹ̀, wọ́n máa ń fi ẹnu sísọ́ọ̀sì já ojú rírán wẹ́wẹ́ kó lè yí. Lára aṣọ onírun kò léwu. Lára aṣọ òkè, ọ̀nà lo là fún yíya. Rán ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó o wá gé e kù sí kọ́tà níbi imú nìkan. Má já a.

* * *

Òwú Dúdú

Gbogbo ohun tí Télọ̀ Àgbà sọ nípa etí aṣọ ló tọ̀nà, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé gbogbo ara ni kéèyàn fi aṣọ òkè ṣe. Ẹ wo ìdí tí wọ́n fi ń lo aṣọ onírun. Láti 1902 tí Richard Steiff ti ya béárì ilé iṣẹ́ wọn ní Giengen, ní Jámánì, mohair ni wọ́n fi ń ṣe é, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi irun ewúrẹ́ Angora hun. Irun ń bo ojú rírán. Ó ń bo ibi tí fáíbà ti dì kókó. Ó ń bo ẹ̀yìn tí wọ́n fi ọwọ́ pa dé. Aṣọ òkè ò bo nǹkan kan. Gbangba làṣá ń ta. Bí ojú ọ̀tún bá fi ìdá kan nínú mẹ́jọ íǹṣì ga ju tòsì lọ, ìlà ara aṣọ á pariwo rẹ̀.

Èkejì, kò ní ìnàsí. Aṣọ onírun á gba díẹ̀ fún ọ bó o bá ki í jù. Èyí ò ní gbà; ojú rírán ló máa ya.

Ẹ̀kẹta ni ìnípọn. Níbi tí ọrùn ti pàdé èjìká, ojú rírán mẹ́rin ló máa ń kora jọ síbẹ̀, pẹ̀lú stay lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Abẹ́rẹ́ 14 á ṣẹ́ níbẹ̀. 16 tàbí 18 ló lè kọjá, ọwọ́ lo sì máa fi yí ẹ̀rọ, kì í ṣe ẹsẹ̀.

Fún mi o: etí, àtẹ́lẹwọ́, àtẹ́lẹsẹ̀ àti àyà ni kó jẹ́ aṣọ òkè. Ìyókù, kọ́dúrọ́ọ̀ì tàbí aṣọ onírun.

* * *

Ìyá Olófì

Aṣọ òkè wo lẹ ń sọ ná? Ẹ̀ ń jà bí ẹni pé oríṣi kan ló wà.

Èyí tí wọ́n fi òwú gidi hun, bí ẹtù, aṣọ òkè aláró, ló dára jù fún tẹ́dì. Òwú máa ń fara mọ́ òwú, kì í tètè yọ̀. Wàhálà ẹtù ni aró. Ẹtù tuntun á máa yọ aró sọ́wọ́ àti sẹ́nu ọmọ. Àwọn kan ní kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti fínígà kó lè dúró. Kì í dúró. Aró tó ń yọ jẹ́ èyí tí kò wọnú òwú rárá, tó kàn lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀. Fífọ̀ ló ń mú un lọ. Ẹ fi omi tútù fọ̀ ọ́ títí omi á fi mọ́, kẹ́ ẹ sá a níbòòji, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ funfun tútù nù ún. Bí aṣọ funfun bá ṣì ń di búlúù, ẹ tún un fọ̀. Kẹ́ ẹ tó gé e lẹ máa ṣe èyí o, torí òwú á sún kì. Bẹ́ ẹ bá rán an tán kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, aṣọ á sún kì, stay ò ní sún kì, ojú tẹ́dì á wá hunjọ bí ti arúgbó.

Èyí tí wọ́n fi òwú dídán hun, tó ń yọ̀ bí ṣẹ́dà, ló ń tú jù. Òun ló ya imú Ọmọ Alábẹ́rẹ́, bí mi ò bá ṣì í.

Sányán? Ẹ má ṣe é. Òwú inú ilé kòkòrò ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń hun sányán gidi, ó sì ti ṣọ̀wọ́n. Bó bá jẹ́ pé agbádá bàbá ẹnì kan ni, tí àárín rẹ̀ ti gbó, ẹ gé èyí tó gbó kúrò, kẹ́ ẹ fi ìyókù ṣe fìlà tàbí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́dì. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì kan odidi sányán nítorí ohun ìṣeré.

Ẹ sì ti gbàgbé kíjìpá. Àwọn àgbà ní kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà, ṣùgbọ́n fún tẹ́dì, ọ̀lẹ ló gbọ́n jù. Òfì ìnàró àwọn obìnrin ni wọ́n fi ń hun ún, òwú ni, ó le dáadáa, ó sì fẹ̀ ju awẹ́ aṣọ òkè, ìyẹn ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so pọ̀ di aṣọ, lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Odidi ara béárì á jáde nínú rẹ̀ láìsí pé ẹ̀ ń so awẹ́ pọ̀.

* * *

Ọmọ Alábẹ́rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yẹ ẹ́ wò. Ó dán, ó ní òwú ṣáínṣáín nínú, ó sì ní ihò wẹ́wẹ́ lójú. Wọ́n ti so awẹ́ rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀. Awẹ́ kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó íǹṣì 5.

* * *

Òwú Dúdú

Mo ti sọ ọ́! Mẹ́ta nínú ohun tó burú jù ló kó sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

* * *

Ìyá Olófì

Ó burú, kò burú jù.

Ihò: fi aṣọ òwú pẹlẹbẹ sí i nínú, kí àwọ̀ rẹ̀ bá ti aṣọ òkè mu, tàbí kó yàtọ̀ gedegbe bó o bá fẹ́ kí ihò yẹn hàn bí ẹ̀ṣọ́. Bí kò bá sí aṣọ yẹn, fáíbà á máa yọjú bí irun imú. Rán aṣọ méjèèjì pọ̀ yípo kó o tó gé e, bí Télọ̀ Àgbà ṣe wí, kó o máa lò wọ́n bí aṣọ kan. Bó o bá ti fi aṣọ yìí sí i, kò nílò stay níbẹ̀ mọ́. Inú ihò ni gọ́ọ̀mù á gbà yọ sójú aṣọ, á sì dọ̀tí.

Ṣáínṣáín: ike pẹlẹbẹ ni. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná á yọ́ ọ tàbí kó ká a jọ. Áyọ́ọ̀nù tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, pẹ̀lú aṣọ lórí rẹ̀, kó o sì fi etí tó o máa gé dànù dán an wò. Ohun tí kò ṣe é wò ní ìwòsàn ni pé ó ń ha ara. Bó bá sì ṣẹ́, ẹnu rẹ̀ mú. Kò yẹ lára ọmọ tuntun.

* * *

Ará Ìlú Ọba

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dé nìyẹn. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, ojú onígíláàsì, bọ́tìnnì àti ìlẹ̀kẹ̀ kò bá a mu rárá. Ọmọ á fà á tu, á gbé e mì. Fi òwú ṣe iṣẹ́ ọnà ojú àti imú sí i, ó parí. Ojú oníke tó ní wáṣà lẹ́yìn pàápàá, tí wọ́n ń pè ní safety eye, aṣọ tó bá di ẹ̀yìn rẹ̀ mú ló ń jẹ́ kó le. Nínú aṣọ òkè tí òwú rẹ̀ ń rìn, ojú á gba àárín òwú jáde tòun ti wáṣà.

Fún ẹni tó bá fẹ́ tà á nílùú ọba: ohun ìṣeré ọmọdé gbọ́dọ̀ ní àmì ààbò UKCA tàbí CE, ó sì gbọ́dọ̀ kọjá ìdánwò EN 71, ìyẹn ìlànà ààbò ohun ìṣeré. Apá kìíní wà fún ohun tó lè já tàbí tó lè há lọ́nà ọ̀fun. Wọ́n á fi agbára 90 newton fa ojú tó bá ju mílímítà 6 lọ, ìyẹn bí ẹni so ẹrù kílò 9 mọ́ ọn. Apá kejì jẹ́ ti iná, ẹ̀kẹta jẹ́ ti kẹ́míkà, aró sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kọ ọ́ sára tẹ́dì pé àgbàlagbà tó ń kó o jọ ló wà fún, kì í ṣe ohun ìṣeré. Ìyẹn dára bó bá jẹ́ òótọ́. Bó o bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tó o wá ń polówó rẹ̀ fún ìkómọjáde, ara rẹ lò ń tàn.

* * *

Télọ̀ Àgbà

Ọgbọ́n kan wà tó bo gbogbo èyí. Rán méjì. Èyí tó lẹ́wà, tó ní ṣáínṣáín, tí ọwọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí, kó dúró lórí ṣéèfù fún ìyá ọmọ. Èyí tí ọmọ máa lò, aṣọ òwú tó rọ̀ ni kó jẹ́, ojú rẹ̀ jẹ́ ti òwú, ọwọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rán pọ̀ mọ́ ara. Síbẹ̀, wọn kì í tẹ́ ohunkóhun tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nígbà tó bá ń sùn, tẹ́dì tàbí ìrọ̀rí.

* * *

Tìrókò

Ìbéèrè tèmi yàtọ̀. Kí ló pa béárì pọ̀ mọ́ aṣọ òkè? Béárì tí Dáfídì pa nínú Bíbélì nìkan la mọ̀ nílẹ̀ yìí. Èyí tí wọ́n ń pè ní tẹ́dì gan-an, orúkọ Theodore Roosevelt ni, olórí Amẹ́ríkà tó kọ̀ láti yìnbọn pa béárì tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní Mississippi lọ́dún 1902. Ẹ ò ṣe rán ìjàpá? Awẹ́ aṣọ òkè á bá ẹ̀yìn ìjàpá mu ju ikùn béárì lọ.

* * *

Òwú Dúdú

Ìjàpá á rọrùn lóòótọ́: ẹ̀yìn jẹ́ ègé mẹ́fà onígun mẹ́ta, ikùn jẹ́ ẹyọ kan, kò sí imú tó máa ya. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kí wọ́n rán béárì fún òun, béárì ló máa sanwó fún.

* * *

Télọ̀ Àgbà

Ọ̀rọ̀ Tìrókò ti sún mọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Awẹ́ ló yẹ kó pinnu pátáànì. Ẹ má mú pátáànì tó fẹ̀ ní íǹṣì 8, kẹ́ ẹ wá máa so awẹ́ méjì pọ̀ kó lè gbà á, kí ìsopọ̀ wá já sí àárín imú. Ẹ ya pátáànì tí ègé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ á wọ inú awẹ́ kan. Ẹ máa ní ojú rírán púpọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú rírán yẹn gan-an ló ń yí ara béárì po. Òwú Dúdú ní aṣọ òkè ò ní ìnàsí. Ó dáa, ẹ má wá ìnàsí lọ́wọ́ rẹ̀. Ikùn tí wọ́n fi ègé méjì ṣe nílò aṣọ tó ń nà kó tó lè rí róbótó. Ikùn tí wọ́n fi ègé mẹ́rin ṣe ti rí róbótó látinú pátáànì.

Níbi tó bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí etí awẹ́ fúnra rẹ̀, bó ṣe bọ́ lórí òfì, jẹ́ etí ègé ní ẹ̀yìn béárì, níbi tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ láti ki fáíbà. Etí yẹn kì í tú. Ibẹ̀ lọwọ́ ń wọlé wọ̀de jù.

Ìlà ara aṣọ ńkọ́? Kó ṣubú láti orí sí ẹsẹ̀, lára gbogbo ègé. Ẹ yí pátáànì dà fún ègé kejì, bíi bàtà ọ̀tún àti tòsì, kẹ́ ẹ sì fi ìlà kan náà sí àárín méjèèjì.

* * *

Òwú Dúdú

Ègé mẹ́rin yẹn, mo gbà. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí ọwọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ máa yí. Ìsopọ̀ márùn-ún ló wà: ọrùn, apá méjì, ẹsẹ̀ méjì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pákó róbótó méjì, wáṣà méjì àti bóòtù kan tó ní nọ́ọ̀tì. Ihò tí bóòtù gbà kọjá, bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì lu ú nínú aṣọ òkè, á máa fẹ̀ sí i títí pákó á fi gbabẹ̀ jáde.

* * *

Ìyá Olófì

Wọn kì í fi sísọ́ọ̀sì lu ú. Irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó ni wọ́n fi ń ya òwú sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, láìgé ẹyọ kan, bóòtù á gba àárín rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ṣe é, ẹ rán awọ tàbí aṣọ líle róbótó kan mọ́ ẹ̀yìn ibẹ̀, kó fẹ̀ ju wáṣà lọ. Dípò pákó, ẹ má lo èyí tí wọ́n gé lára ìdérí ike tàbí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Á là lọ́jọ́ kan, ẹ óò sì ní láti tú gbogbo ara kẹ́ ẹ tó lè pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ di nọ́ọ̀tì títí á fi ṣòro díẹ̀ láti fi ọwọ́ yí apá tàbí ẹsẹ̀ béárì, torí bí fáíbà bá rọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, á tú díẹ̀.

Ẹni tí kò bá fẹ́ pákó, kó fi abẹ́rẹ́ gígùn àti òwú náílọ́ọ̀nù líle gba ara kọjá láti apá kan sí èkejì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, pẹ̀lú bọ́tìnnì oníhò mẹ́rin níta. Ó yí, ó sì dín ní ìṣòro. Kì í ṣe tọmọdé nítorí bọ́tìnnì yẹn.

* * *

Tìrókò

Òwú àràbà ńkọ́, dípò fáíbà? Ọ̀fẹ́ ni lábúlé.

* * *

Télọ̀ Àgbà

Ó rọ̀, ó fúyẹ́, omi kì í tètè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ń yọ̀, ó sì kúrú. Inú aṣọ oníhò, kò sóhun tó máa dá a dúró. Ó ń gbaná kíákíá. Eruku rẹ̀ ń mú èèyàn sín, ẹ bo imú bẹ́ ẹ bá ń lò ó. Ó dára nínú àpò òwú tẹ́ ẹ máa kì sínú ikùn nìkan. Ìrẹsì àti ẹ̀wà tí àwọn kan ń fi sí ìdí béárì kó lè jókòó, ẹ má dán an wò, kòkòrò á jẹ ẹ́ látinú jáde.

Fáíbà, ẹ fi ìka já a ní kékeré kékeré, kì í ṣe kẹ́ ẹ bu ọwọ́ kan. Imú lẹ máa kọ́kọ́ kì, kó le bí ọsàn tí kò tíì pọ́n, kí iṣẹ́ òwú lè dúró lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà àtẹ́lẹsẹ̀, àtẹ́lẹwọ́, kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ara. Ìdí orógùn kékeré ni kẹ́ ẹ fi máa tì í; ẹnu sísọ́ọ̀sì á gba inú ojú rírán jáde.

* * *

Ọmọ Alábẹ́rẹ́

Mo ti pinnu. Èyí tó máa dúró lórí ṣéèfù ni màá fi aṣọ òkè rán látòkè délẹ̀, ti ọmọ á jẹ́ aṣọ òwú, màá kàn fi aṣọ òkè ṣe ẹ̀yìn etí rẹ̀.

* * *

Ará Ìlú Ọba

Ẹ̀yìn etí pẹ̀lú? Etí ni ọmọ kọ́kọ́ ń fi sẹ́nu. Fi òwú lásán ṣe é.

* * *

Ọmọ Alábẹ́rẹ́

Ó dáa, mo gbọ́. Mélòó ni màá lò fún ti orí ṣéèfù? Mo lè tú awẹ́ yẹn kúrò lára ara wọn.

* * *

Télọ̀ Àgbà

Tú wọn. Abẹ́fẹ́lẹ́ ni kó o fi já òwú ìsopọ̀ náà, má fà á.

Fún béárì tó ga tó íǹṣì 14, pẹ̀lú awẹ́ tó fẹ̀ ní íǹṣì 5: ara jẹ́ ègé mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan gba íǹṣì 7 àti ààbọ̀ lórí awẹ́, ìyẹn 30. Ẹsẹ̀ jẹ́ ègé mẹ́rin, íǹṣì 7 ọ̀kọ̀ọ̀kan, 28. Apá jẹ́ mẹ́rin, 6 àti ààbọ̀, 26. Ẹ̀gbẹ́ orí méjì, 5 àti ààbọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, 11. Ègé àárín orí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti imú dé ẹ̀yìn ọrùn, 10. Etí jẹ́ mẹ́rin, méjì méjì ló ń wọ ìbú awẹ́, 6. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 111, ó lé díẹ̀ ní yáàdì 3. Yáàdì 4 ni kó o mú sílẹ̀, torí ìlà tó gbọ́dọ̀ bára mu á jẹ nínú rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, fi awọ rírọ̀ ṣe é. Fáíbà bíi gíráàmù 250 sí 300. Pákó ọrùn, íǹṣì 1 àti kọ́tà mẹ́ta. Ti ẹsẹ̀, 1 àti ààbọ̀. Ti apá, 1 àti kọ́tà.

Aṣọ òwú funfun pẹlẹbẹ tó máa di àtìnú, yáàdì kan. Fi òun gan-an kọ́kọ́ rán odidi orí kan, kó o ki í, kó o wò ó bóyá imú rẹ̀ dúró, kó o tó gé aṣọ òkè yẹn.

* * *

Òwú Dúdú

Abẹ́rẹ́ 16. Ra mẹ́ta.